Oúnjẹ Òwúrọ̀ Àjọkẹ́, àti Ohun Tí N Kò Sọ fún Ọ Rí

Ẹ̀jìgbò,
Ọjọ́ Ajé.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá, bí mo ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Awakọ̀ tí ó mú un ti Àbíjàn wá sọ fún mi pé ara rẹ le, pé ọkọ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun tí ó tìtorí rẹ̀ kó yín lọ, àti pé yàrá tí ẹ rí gbà kò jìnnà sí etí òkun. Mo dúpẹ́. Èmi náà wà níbí, mo ń mí. Jẹ́ kí ìkíni mọ síbẹ̀, nítorí ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o kà kí o tó ka ohun mìíràn.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di imú Àjọkẹ́ mú láti rọ oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ì báà ṣe ìyá ọkọ rẹ, ì báà ṣe ìwọ fúnra rẹ. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ẹ jáwọ́ lónìí. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ kún fún iṣẹ́ nígbà tí lẹ́tà yìí dé, tí o kò lè kà á tán, èyí tí o kà yìí tó. Ìyókù lè dúró.

O kọ̀wé pé láti ìgbà tí ẹ ti dé ọ̀hún ni ọmọ náà kò ti fẹ́ fi nǹkan kan kan ẹnu ní òwúrọ̀. O ní bí ẹ bá gbé ògì sí iwájú rẹ̀, á pa ẹnu dé, á kọjú sí ògiri, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. O ní ìyá ọkọ rẹ sọ pé àfi kí ẹ rọ ọ́ fún un, pé ọmọ ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ máa pàṣẹ fún àgbà. Lẹ́yìn náà ni o wá bi mí léèrè pé, “Màámi, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe fún wa?”

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n lè jẹun lánàá. Awakọ̀ ní òun yóò padà lọ́jọ́ Ẹtì, bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán. Mo ní ọjọ́ mẹ́rin láti fi dá ọ lóhùn. Mo lè lọ bá akọ̀wé tí ó máa ń bá wa kọ lẹ́tà, ọwọ́ rẹ̀ sì dára ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìwọ̀nba ìwé tí mo kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kọ ọ́. Ibi tí o bá rí i pé mo ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́, fojú fò ó.

O mọ̀ pé o ní ẹ̀gbọ́n kan, Mọrẹ́nikẹ́, tí ó kú kí n tó bí ọ. Ohun tí a sọ fún ọ ni pé ikọ́ ni ó pa á. Kì í ṣe irọ́. Ikọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò sọ ohun tí ó fa ikọ́ náà fún ọ. Bàbá yín nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tí ó máa ń fún gbogbo adìẹ ilé lórúkọ. Àṣà rẹ̀ ni pé bí ó bá jí, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò sì ní jẹun, títí oòrùn yóò fi kan ìdí ògiri. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ebi á sì dé. Bí ó ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn inú agbo ilé ń sọ pé mo kẹ́ ẹ jù ni. Wọ́n ní ẹ wo apá rẹ̀ bí igi ìṣáná. Ojú sì ń tì mí. Nígbà náà mo kéré, mo rò pé ohun tí àwọn èèyàn bá rí lára ọmọ mi ni wọ́n fi ń mọ irú ìyá tí mo jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwa obìnrin mẹ́ta fẹ́ lọ wú ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà Ọ̀là. Àwọn méjì ti gbé apẹ̀rẹ̀ lérí, wọ́n dúró dè mí níta. Mo po ògì, mo gbé e fún Mọrẹ́nikẹ́. Ó ní òun kò mu. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dúró ní ọ̀sán ti ń pọ́n, àbí ṣé ọmọ náà ti di ìyá mi ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ó mú inú bí mi.

Mo tẹ́ ẹ sórí itan mi, mo fi ìka méjì di imú rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí igbá sí i lẹ́nu, mo sì ń da ògì náà sí i. Bí ìyá mi ṣe ṣe fún mi nìyẹn. Bí mo ṣe ṣe fún òun náà nìyẹn nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, tí ohunkóhun kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin ní agbára. Ó ń jà. Ó fẹ́ ké, ó sì fa èémí sínú láti ké, ògì sì bá èémí wọlé.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wúkọ́, ó wúkọ́. Mo gbá a lẹ́yìn, ó bì, ó sì dákẹ́. Mo nu ẹnu rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ó ti kọjá. Mo fà á lé ìyá àgbà kan lọ́wọ́ nínú ilé, mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ.

Àbẹ̀kẹ́, mo lọ sí oko. Mo wú ẹ̀gẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo dé, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó sì ń mí bí ẹni tí ó sáré. A fún un ní àgbo, a gbàdúrà. Ní ọjọ́ kẹta bàbá yín gbé e sórí kẹ̀kẹ́, èmi jókòó sẹ́yìn, a wa á dé Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà òyìnbó tẹ́tí sí àyà rẹ̀ pẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ó ń túmọ̀ fún wa ní oúnjẹ ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà. Ó bi mí pé ta ni ó fún un lóúnjẹ. Mo ní òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ ẹ́. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Ní ọjọ́ kẹjọ láti àárọ̀ ọjọ́ ògì yẹn, ọmọ náà kú.

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, bàbá yín jókòó tì mí. Wọn kò wo ojú mi. Wọ́n ní, “Ṣé o rọ ọ́ fún un ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n gba ọ̀nà oko Ìsùndúnrìn lọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni. Wọn kò mẹ́nu kan án mọ́ títí wọ́n fi kú. Wọn kò bú mi rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn kò mu ògì nínú ilé wa mọ́. Àwọn èèyàn rò pé ògì kò bá wọn lára mu. Ìwọ pàápàá bi mí rí nígbà tí o wà ní kékeré pé kí ló dé tí bàbá kì í bá wa mu ògì, mo sì ní kí o lọ gbálẹ̀.

Ọjọ́rú.

Mo fi kálámù sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, n kò sì lè gbé e lánàá. Lónìí mo fẹ́ sọ nípa tìrẹ.

Ọdún kejì tí Mọrẹ́nikẹ́ lọ ni mo bí ọ. Nígbà tí o sì tó bí ọdún mẹ́ta àbọ̀, ìwọ náà bẹ̀rẹ̀. O jí lọ́jọ́ kan, o ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, o ní ó rẹ̀ ọ́. N kò bẹ̀ ọ́, n kò bá ọ wí. Mo gbé àwo kúrò bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí o bá ní o kò jẹ, mo ti gbà. Mo máa ń fún ọ ní ṣúgà tí o máa jẹ lójú ọ̀nà kí o lè dákẹ́. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé mo ti kọ́gbọ́n. Ẹ̀rù ni, kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹni tí ó fi agbára pa ọmọ kan ni ó tún fẹ́ fi àìbìkítà pa èkejì.

Bóyá o rántí ọjọ́ tí o ṣubú níwájú gbogbo ọmọ iléèwé. Kíláàsì kejì ni o wà. Wọ́n ń kọrin lórí ìlà láàárọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Tíṣà yín, ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ni ó pọ̀n ọ́ wálé bí ẹni pọn ọmọ rẹ̀. Ó tẹ́ ọ sórí ẹní, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni Àbẹ̀kẹ́ jẹ láàárọ̀ yìí?”

Mo ní kò jẹ nǹkan kan.

“Lánàá ńkọ́, mà?”

Mo tún ní kò jẹ nǹkan kan. Ó wo àwo tí mo da dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó sì wò mí. Mo rò pé á bú mi. N kò mọ ohun tí ó mú mi sọ ọ́, mo ní, “Ẹ̀rù oúnjẹ ọmọ yìí ń bà mí.” Kò béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní kí n má bínú, pé òun yóò yà lọ́dọ̀ wa lọ́la kí òun tó kọjá sí iléèwé. Ó sì wá fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ ọmọbìnrin yẹn, àti èyí tí mo fi ojú ara mi rí lẹ́yìn rẹ̀, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ọ.

Èkíní, oúnjẹ òwúrọ̀, láti ìrọ̀lẹ́ ni o ti máa tọ́jú rẹ̀. Ìwọ a máa dúró de bàbá yín kí wọ́n ti oko dé, ẹ ó jọ jẹ iyán, kété tí o bá jẹun tán oorun á gbé ọ lọ. Tíṣà ní báwo ni inú tí iyán ṣì wà nínú rẹ̀ yóò ṣe béèrè oúnjẹ? A bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ lóúnjẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì pọ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, o jí, o ní kí ni ó ń ta sánsán yẹn. Wo ìgbà tí Àjọkẹ́ ń jẹun alẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá ń dúró de bàbá rẹ̀ kí ó ti ibi iṣẹ́ dé, má jẹ́ kí ó dúró mọ́.

Èkejì, má gbé oúnjẹ kò ó lójú bí ó ti ń lajú. Jẹ́ kí ó bọ́jú, kí ó mu omi díẹ̀, kí ó bá ọ gbá ẹnu ọ̀nà. Tètè jí i, kí àyè lè wà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Èmi ni mo mọ ohun tí ìkánjú gbà lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn náà, bu díẹ̀. Àkàrà kan ṣoṣo nínú àwo kékeré. Oúnjẹ tí ó ga bí òkè a máa dẹ́rù ba ọmọ. Bí ó bá jẹ ẹyọ kan tán, òun fúnra rẹ̀ ni á béèrè èkejì, bí kò bá sì béèrè, ó ti jẹ ọ̀kan.

Ta ni ó sì sọ pé ògì ni dandan? Àwa ni a ṣe é bí òfin. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni ìwọ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ tíṣà, èyí tí a sè ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ti tutù, tí mo fọ́ ẹja gbígbẹ sí nínú. O fẹ́ràn láti máa tú ewé rẹ̀. Ẹyin sísè tún wà, o máa ń jẹ funfun rẹ̀, o máa ń fi pupa sílẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ títí o fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ méjèèjì. Ní ìgbà iṣu tuntun, mo máa ń sun ún, mo máa ń ha á dáadáa, màá fi epo díẹ̀ pa á lára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà yíyan ẹ̀kúnwọ́ kan, ìyẹn tó fún ọjọ́ tí ara bá wúwo. Ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n náà dára, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ó jẹ òun nìkan lọ sí iléèwé, kì í dúró nínú. Bí ó bá wá fẹ́ ògì lọ́jọ́ kan, lọ ẹ̀pà kúnná sí i, fi mílíìkì díẹ̀ sí i, jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì gbé ife náà mu fúnra rẹ̀. Má bá a gbé e.

O ní búrẹ́dì gígùn pọ̀ níbẹ̀, pé òun nìkan ni Àjọkẹ́ máa ń gé jẹ lójijì bí ọ̀sán bá pọ́n. Bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Fi ẹ̀pà tí o lọ̀ kúnná pa á, tàbí kí o ki àkàrà bọ inú rẹ̀. O tún ní ìyá ọkọ rẹ máa ń fún un ní kafé, ìyẹn kọfí aládùn, mu pẹ̀lú wọn. Ọmọ mi, ìyẹn ni ṣúgà tí mo ń fún ọ lójú ọ̀nà. Ó ń tan ebi jẹ, kò pa á. Fi ọgbọ́n dá a dúró.

Jẹ́ kí ó yan nǹkan. Má bi í pé kí ni yóò jẹ, á ní òun kò jẹ nǹkan kan. Ẹyin ni àbí àkàrà, bí wọ́n ṣe ń bi í nìyẹn. Kí ó bá ọ bó ẹ̀wà. Ohun tí ọwọ́ ọmọ bá wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í jìnnà sí i.

Bí kò bá wá jẹ rárá, má nà án, má sì fojú burúkú wò ó. Pọ́n oúnjẹ náà sínú ewé, kí ó mú un dání. Ebi yóò bá a lójú ọ̀nà, yóò sì mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí sì le fún mi láti kọ. Jókòó tì í, kí ìwọ náà jẹun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún n kò lè jẹun lójú rẹ ní òwúrọ̀. Mo máa ń gbé àwo fún ọ, màá kọjú sí ibòmíràn, màá máa wá ibi tí màá gbá. Tíṣà ni ó rí i. Ó ní, “Mà, ẹnu yín ni Àbẹ̀kẹ́ ń wò.” Ó fi àkàrà sí mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú mi, o sì bi mí pé ṣé ata ni. Mo ní ata ni.

Ọjọ́bọ̀.

Mo rò ó lójúmọ́ òní pé ó lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan. Ọmọ náà fi ilé tí ó mọ̀ sílẹ̀, ó fi mí sílẹ̀, ó dé ibi tí kò gbọ́ èdè àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré. Ìbànújẹ́ a máa dí ọ̀nà ọ̀fun. Gbé e jókòó, kí o bi í ní ohun tí ó fi sílẹ̀ níbí. Bí ó bá sì ń rù, tí inú ń run ún, tàbí tí ara rẹ̀ ń gbóná, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní kíá. Má ṣe dúró di ọjọ́ kẹta.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ. Má bá wọn jà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń sọ, ohun tí èmi náà mọ̀ nìyẹn. Kúnlẹ̀, kí o sọ fún wọn pé ìyá rẹ ní kí o bẹ̀ wọ́n. Ní àwọn ni kí wọ́n máa jókòó ti ọmọ náà bí ó bá ń jẹun, kí wọ́n máa pa àlọ́ fún un, kí àwọn náà lè rí nǹkan ṣe. Bí wọ́n bá gbà, ya àwọn ojú ewé tí orúkọ Mọrẹ́nikẹ́ wà nínú lẹ́tà yìí, kí o sì sun ún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ̀, tí wọ́n ní gbogbo ọmọ ni wọ́n ń rọ ọ́ fún, ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí. Má fo ọ̀rọ̀ kankan. Mo mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀jìgbò pọ̀ níbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà yóò padà wá bá mi nílé, àwọn tí mò ń bá kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì yóò sì gbọ́ ọ. Kí wọ́n gbọ́ ọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Ọdún tí mo ti fi mú èyí mọ́ra ti pọ̀ jù, ó sì ti le ju ohun tí ọwọ́ mi lè mú lọ. Bí ìtìjú mi bá lè gba ọmọ rẹ sílẹ̀, ẹ ná an.

Lọ́la ni awakọ̀ ń lọ. Mo ti ń rò ó bí ojú rẹ yóò ṣe rí nígbà tí o bá kà á dé àárín. N kò mọ̀ bóyá wàá tún lè pè mí bí o ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀. Bí o kò bá lè ṣe é fún ìgbà díẹ̀, n kò ní bi ọ́ léèrè ìdí.

Ṣùgbọ́n kọ̀wé. Má kọ ọ́ sí mi pé o ti dárí jì mí, n kò mọ ohun tí màá fi ìyẹn ṣe. Kọ ohun tí Àjọkẹ́ jẹ ní àárọ̀ ọjọ́ náà sí mi, àti ohun tí ó jẹ kù sínú àwo, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú un jẹ.

Èmi ìyá rẹ ni,
Ìyá Àbẹ̀kẹ́, tí í ṣe Ìyá Mọrẹ́nikẹ́.